Òkú mọ́tò iwájú ilé: ẹ wá sọ tiyín, èmi rèé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Látọjọ́ yìí tí ẹ ti ń bú àwọn tó pa mọ́tò tì sójú títì, mò ń kà á, mi ò fèsì, torí èmi gan-an wà lára àwọn tí ẹ ń bú.

Pijó 504 bàbá wa ni, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná, bàbá kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé ìyẹn, á ní "tèmi kì í ṣe tòkunbọ̀ o". Iwájú ilé wa ní Ìsọlọ̀ l'Àkúrẹ́ níbí ni ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, bàbá ní tí gíráṣuítì bá ti jáde òun á tún un ṣe. Gíráṣuítì ò jáde, bàbá lọ. Ọdún kọkànlá rèé. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlẹ̀, koríko gba inú bọ́nẹ́ẹ̀tì yọ, adìẹ Ìyá Kékeré wá sọ síìtì ẹ̀yìn di ilé, ẹ má rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ la ti ń kó ẹyin.

Oṣù tó kọjá ni àwọn wolé-wolé dé, obìnrin kan àti ọkùnrin kan tó gbé agolo pẹ́ńtì pupa dání. Obìnrin yẹn ò pariwo rárá, ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, ẹ wá wò." Mo wò. Búùtù tí kò padé mọ́, omi òjò dúró síbẹ̀, ìdin ẹ̀fọn ń ta pọ́nún pọ́nún nínú ẹ̀. Abẹ́ síìtì iwájú ló burú jù, eku ti gé fóòmù wẹ́wẹ́ fi tẹ́ ibùsùn, ìgbẹ́ ẹ̀ wà káàkiri bí ìrẹsì tó jóná. Ó ní ṣé mo mọ ohun tó ń jẹ́ ibà Lassa. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń bá wọ oúnjẹ, àwọn èèyàn wa ló sì ń kún FMC Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìtìjú mú mi.

Ọkùnrin yẹn kọ X gàdàgbà sára ilẹ̀kùn, wọ́n já ìwé fún mi: ọjọ́ méje, kí á gbé e, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn á wọ́ ọ lọ, àwa la ó san owó ọkọ̀ tó wọ́ ọ àti owó ibi tó bá sùn.

Ẹ wá wo wàhálà. Àbúrò mi l'Ékòó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, òun ń bọ̀ wá tún un ṣe (látìgbà ìsìnkú ló ti ń bọ̀). Ẹ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn ní kí n tà á kí n pín owó ẹ̀ sọ́nà mẹ́fà. Àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ǹmù dé, wọ́n ní mọ́tò tí kò ní ìwé àwọn ò ní gé e, wọ́n ti ti ẹnì kan mọ́lé rí nínú àwọn torí irin olè. Mo tú àpótí bàbá títí mo fi rí pátíkúlà, orúkọ òkú ló sì wà níbẹ̀, ni mo bá tún sáré lọ búra ní kóòtù, mọ̀lẹ́bí ṣèpàdé lórí Wásáàpù títí aago méjìlá òru kí ẹnu wa tó kò. Gbogbo wa la fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ o, ẹni tó máa fọwọ́ sí i la ò rí, èmi tí mo wà nílé ni ìwé bá.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n fi gáàsì gé e. Màmá jókòó sí pẹpẹlẹ, pákò lẹ́nu, kò sọ nǹkan kan, àfìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé orí ẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ sítíárìn fún òun. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló wà báyìí. Owó ńkọ́? Mo pín in sọ́nà mẹ́fà, tèmi ò ra iṣu mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀dà Road: Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ̀yin tiẹ̀ gbé e. Lánlọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ wa ní inú ọgbà òun ni bọ́ọ̀sì òun wà, kò kan ìjọba. Lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ ń ṣeré bojúbojú, a ò rí Kẹ́hìndé, oòrùn ọ̀sán gangan, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan tó jábọ́ sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni mo rí. Ilẹ̀kùn yẹn ṣeé tì, kò ṣeé ṣí látinú. Nígbà tá a fa ọmọ yọ, àfi bíi pé wọ́n rì í sómi, ohùn ò jáde lẹ́nu ẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹni ọgbà ẹ̀ ò kàn wá?

Mẹkáníìkì, Oǹdó: Àwa ni wọ́n ń sọ di ibojì mọ́tò. Kọ́sítọ́mà á gbé e wá, á gbọ́ iye tá a fẹ́ gbà, nọ́ńbà ẹ̀ ò ní wọlé mọ́. Wolé-wolé dé, èmi ni wọ́n já ìwé fún. Ọ̀gá mi ta ọ̀kan rí, ẹni tó ni ín yọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ọlọ́pàá. Láti ìgbà yẹn, kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni á kọ orúkọ, á fọwọ́ sí i pé tó bá ju oṣù mẹ́ta lọ, ó ti ń san owó ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ta kọ̀ndẹ́ǹmù, ẹ yọ bàtìrì, ẹ fa ọ́ìlì ẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì, ẹ má dà á sí gọ́tà.

Ọmọ Olóyèmẹ́kùn: Tèmi, títì Àkúrẹ́ sí Iléṣà ni. Tírélà kú síbẹ̀, ewé lásán ni wọ́n já sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ lálẹ́, díẹ̀ ló kù kí n wọ abẹ́ ẹ̀. Mo bi ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ó ní títì ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọpọ́n, bárò àti ọmọlanke ni àwọn káńsù lè fún ní láísẹ́ǹsì, tírélà ò sí níbẹ̀. Mo pe 122, àwọn Road Safety ló wá.

Ọmọ Pijó: Háà, bárò ni? Adìẹ Ìyá Kékeré ti lọ ń yé sínú bárò kan níwájú ilé kejì. Ẹ má sọ fún káńsù.