Ṣé ọkàn mi ló ń tutù ni, àbí kí ló dé tí esúnsún fi pa mí lẹ́kún?

Ìyá Àdùkẹ́ (Ìbàdàn):
Ẹ kúulé o. Aago 5 ìdájí la máa ń gbàdúrà nílé wa. Ó ti tó ọdún kan báyìí tó jẹ́ pé ẹnu lásán ni mo fi ń ṣe é. Bàbá Àdùkẹ́ á máa ka Sáàmù, èmi á máa ro ẹ̀wà tí mo rẹ sílẹ̀, Àdùkẹ́ á ti sùn padà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Mọ́níyà. Kò sí iná. A gbé iná sólà kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò pẹ́ tí esúnsún bò ó. Mo gbé abọ́ omi sábẹ́ rẹ̀, bí ìyá mi ti máa ń ṣe. Wọ́n ń já sómi, ìyẹ́ wọn ń léfòó. Ọmọ ọdún 6 ni Àdùkẹ́. Ó kúnlẹ̀ ti abọ́, ó ní, "Màámi, ta ló sọ fún wọn pé òjò ti dá?" Mi ò rí èsì fọ̀. Bàbá ẹ̀ tí kì í yọjú sí ilé ìdáná ló yan án lórí àdògán, ó wọ́n iyọ̀ sí i, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ bọ àwo kan. Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní èéfín ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní mi ò sunkún ní ìsọjí rí, kòkòrò ni mo wá ń sunkún lé lórí, pé ìgbàgbọ́ mi ti ń tutù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ará Ìwó:
Ìyá Àdùkẹ́, Mùsùlùmí ni mí o. Nínú Àlùkùránì, kòkòrò oyin ní súrà (orí) tirẹ̀ (16), èèrà ní (27), aláǹtakùn náà ní (29). Ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín bóyá àṣìṣe ni.

Ajíhìnrere Ọ̀ṣogbo:
Ẹ jẹ́ ká rọra. Esúnsún dùn, èmi náà ń jẹ ẹ́. Àmọ́ lọ́dún tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ará ìjọ ló gbé ìrẹsì wá, kì í ṣe esúnsún. Ẹ má fi àdúrà àárọ̀ sílẹ̀.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì (Abẹ́òkúta):
Ẹ bá mi dá Àdùkẹ́ lóhùn. Ọmọ ikán ni wọ́n, akọ àti abo. Inú ilé ni wọ́n ti ń dúró de òjò, kílẹ̀ lè rọ̀. Tí wọ́n bá fò tán, wọ́n á bọ́ ìyẹ́ dànù, akọ á tẹ̀lé abo lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á gbẹ́lẹ̀ wọlé, wọ́n á dá ilé tuntun sílẹ̀. Ìyàwó ni wọ́n ń gbé lọ o, kẹ́ ẹ tó wọ́n iyọ̀ sí wọn.

Ìyá Àdùkẹ́:
Háà, Olùkọ́, ẹ ò jẹ́ kí n jẹ ẹ́ mọ́! Ará Ọ̀ṣogbo, mo gbọ́, mi ò fi í sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn Sáàmù, mo ka ohun tí Olùkọ́ kọ fún Àdùkẹ́. Kò sùn. Ó bi bàbá ẹ̀ bóyá àwọn tí a jẹ ti bímọ. Bàbá wò mí, mo wo bàbá. Ó ní ká ṣàmín, ká tètè múra iléèwé.