Ọkọ̀ ojú irin Èkó: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Festac

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Mile 2 àti Marina, láti ìgbà náà sì ni àwọn èèyàn ti ń bi mí pé báwo ni ó ṣe rí. Mo fẹ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, kí á má kàn sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ẹ sọ ohun tí ó yí padà nínú ọjọ́ yín.

Festac ni mo ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Mile 2 láyé ọjọ́un kò ní í bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Tírélà àti táńkà tí ń lọ sí èbúté Àpápá á tò lọ bí ejò, wọ́n á gba ojú títì mọ́ àwa tó kù lọ́wọ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jáde nílé. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá ṣí, aago mẹ́fà kò ní í lù tí n ó fi dé ibi iṣẹ́, n ó wá gbé orí lé tábìlì sùn títí àwọn tó kù á fi dé. Lọ́jọ́ mìíràn, aago mẹ́sàn-án á lù, orí afárá ni mo ṣì wà. Àárẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò lè bá ẹnikẹ́ni dá àkókò. Bí ìyàwó mi bá bi mí pé aago mélòó ni n ó wọlé, "bí Ọlọ́run bá ṣe é" ni mo máa ń wí. Èmi náà mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ni mo tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì ló ń fà á nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mejìlá péré ló sì ń rìn lóòjọ́, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. A kúrò ní Mile 2, a dúró ní Suru-Alaba, a dúró ní Orílé Ìgànmú, a dúró ní National Theatre. Ibi tí a ti kúrò ní National Theatre yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀. Ọkọ̀ náà gun orí omi. Ọ̀sà wà lábẹ́ wa, ọkọ̀ òkun ń bẹ ní ìhà Àpápá, àwọn ilé gogoro Marina sì ń bọ̀ wá pàdé wa. Gbogbo ẹni tó ń tẹ fóònù ló gbé ojú sókè. Bàbá kan tó jókòó níwájú mi ṣí fìlà. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ṣí fìlà, ó sì gbé e lé itan. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wọ Erékùṣù lọ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé Èkó lẹ́wà láàárọ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ni wọ́n gbé e sórí iná mànàmáná, iye ìgbà tó ń rìn lóòjọ́ sì di 54. Ìgbà yẹn ni ọjọ́ mi tó yí padà ní tòótọ́. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún méje ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Mo sọ fún un pé aago méje alẹ́ ni n ó wọlé, kí wọ́n má tíì gé kéèkì. Kò dá mi lóhùn. Ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi rí. Mo wọ ọkọ̀ ní Marina, mo sọ̀ ní Mile 2, mo gun kẹ̀kẹ́ Márúwá délé, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo kan ilẹ̀kùn. Ọmọ náà wo ojú mi, ó wo aago ara ògiri, ó tún wo ojú mi.

Ó yá, ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ìyá Ìbejì Balógun

Ọmọ Festac, ẹ ṣé, ẹ sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Orí yín á máa gbe ọmọ náà.

Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Balógun, léèsì àti àǹkárá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, owó ọwọ́ ni mo kó dání. Mo débẹ̀ tán ni wọ́n ní wọn kì í gba owó, pé káàdì Cowry ni, irú èyí tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ BRT. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí àwọn ọmọdé ń tẹ káàdì tiwọn mọ́ ẹnu ọ̀nà kọjá, èmi ìyá wọn dúró ti náírà lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ó ní, "Màmi, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù o, tí ẹ bá ń jáde ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́." Ó dúró tì mí títí mo fi ṣe tán, kí ó tó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, ₦750 ni owó rẹ̀ láti Mile 2 dé Marina, ṣùgbọ́n ìjọba gé e sí ìdajì, ₦375 ni wọ́n yọ lára káàdì mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọkùnrin mọ̀ nìyí. Nínú dánfó, obìnrin a máa jìyà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kọ̀ńdọ́ á ní kí a wọlé pẹ̀lú ṣénjì wa. Bí kò bá sì ní ṣénjì, á so èmi àti ọkùnrin tí n kò mọ̀ pọ̀ mọ́ ẹyọ owó kan, kí a lọ pín in nígbà tí a bá sọ̀. Mo ti tẹ̀ lé àlejò dé ibi tí n kò fẹ́ dé rí nítorí owó tí kò tó ra ata. Irin tó ta jáde lára ìjókòó ti fa ìró léèsì mi tuntun ya rí, bẹ́ẹ̀ aṣọ ìpolówó ni mo wọ̀, òun ni oníbàárà fi ń mọ ohun tí mò ń tà. Nísinsìnyí, bí mo ṣe wé gèlè nílé ni mo ṣe ń wọ ọjà.

Kò ṣe é kó ẹrù ńlá wọ̀ o, kí n má tan yín. Igbá aṣọ mi ṣì ń bá mọ́tò lọ, èmi nìkan ni mò ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ. Ṣùgbọ́n mo ń ṣáájú ẹrù débẹ̀, n ó ti gbálẹ̀, n ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà mi tí ń ti Kútọnu wá kì í pẹ́ lọ́jà, wọ́n fẹ́ rà kí wọ́n tètè padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí wọ́n bá bá ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ará Okokomaiko

Inú mi dùn fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tàwa tí a wà lẹ́yìn Mile 2.

Kìlómítà 27 ni wọ́n ṣètò fún ọ̀nà irin yìí, láti Marina dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Apá kìn-ín-ní tó ti ṣí jẹ́ kìlómítà 13, Mile 2 ló sì ti parí. Nítorí náà, kí n tó gbádùn ohun tí ẹ ń gbádùn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jà dé Mile 2. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo lo wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú dánfó láti ilé dé Mile 2, tí mo wá fi àkókò tí kò tó ìdajì wákàtí rìn èyí tó kù. Bí mo bá ti jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, tí afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí mi lára, oorun ló ń gbé mi lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹni tó jókòó tì mí ti jí mi ní Marina.

Síbẹ̀ n kò ní í padà sẹ́yìn. Ara mi máa ń sọ fún mi ní alẹ́ pé n kò wọ dánfó lọ wọ dánfó bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti sọ nítorí àwọn ọmọ wa. Láàárín ọ̀nà márosẹ̀ Badagry ni irin yìí gbà, a sì ti mọ́ ọn lára láti máa sá kọjá títì níbi tó bá wù wá. Lọ́jọ́ kan mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ẹsẹ̀ lé ọgbà irin náà, ó fẹ́ fò ó. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Yàtọ̀ sí irin méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀, irin kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ara rẹ̀ ni iná mànàmáná ń gbà kọjá, agbára iná náà jẹ́ 750 volt. Kò ní wáyà lókè tí ojú fi lè rí i, kò sì ń dún. Ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó ní òun rò pé irin lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀.

Agbádó ni mo wà

Red Line, ọ̀nà irin Èkó kejì, ni tèmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ibi tó ń dúró nìyí: Agbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin, Yábàá, Ọ̀yìngbò. Yábàá ni mo ti ń ránṣọ. Tẹ́lẹ̀, mọ́tò mẹ́ta ni mo máa ń wọ̀: n ó wọ èyí tó lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, n ó wọ ti Òṣòdì, n ó tún wọ ti Yábàá. Ní báyìí, ẹyọ kan ṣoṣo. Mo máa ń fi ọwọ́ ṣe ẹnu bùbá nínú ọkọ̀, abẹ́rẹ́ kò sì gún mi rí.

Ọmọ Èkó ní Woolwich

Ẹ kú ilé o. London ni mo wà, ní ìhà Woolwich níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, láti ibẹ̀ dé Thamesmead àti Abbey Wood. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ṣí níbí. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá fún un. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mo sì máa ń ṣe ní àárín ìlú. Mo mọ ohun tí Ọmọ Festac ń sọ nípa àkókò, nítorí láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ọmọ mi jẹun àárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ̀wé ni màmá mi. Orílé ni wọ́n ń gbé. Ìgbàkúùgbà tí mo bá ti fi fídíò ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n máa ń ní, "Ìlú òyìnbó kúkú ni." Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí, ariwo èrò wà lẹ́yìn ohùn wọn. Wọ́n ní, "Fi etí sílẹ̀." Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ ibùdókọ̀ nínú ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́? Tiwa nìyẹn." Mo sunkún níbi tí mo dúró sí.

Baba Súrùlérè

Mo ti ka ọ̀rọ̀ gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìrìn.

Mo ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ní 1983, akọ̀wé ni mí ní Marina, mólùé sì ni mo ń wọ̀ lọ ṣiṣẹ́ láti Mushin. Gómìnà wa nígbà náà ni Lateef Jakande, Baba Kékeré. Ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n pè ní Metroline. Mo ra ìwé ìròyìn tó gbé àwòrán ọ̀nà náà, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Mo fi ìka tọ́ka rẹ̀ han ìyàwó mi, mo ní ibi báyìí ni a ó ti máa wọ̀ ọ́. Ìparí ọdún náà ni àwọn ológun gba ìjọba. Nígbà tó di 1985, ìjọba Ọ̀gágun Buhari fagi lé iṣẹ́ náà. Owó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là ni wọ́n ní Èkó pàdánù. Mo bọ́ àwòrán náà kúrò lára ilẹ̀kùn nígbà tó yá, àwọn ọmọ ti ń béèrè ohun tó jẹ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí Blue Line. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Jakande ti lọ ní 2021, kò rí i. Ìyàwó mi náà ti lọ.

N kò tíì wọ̀ ọ́. Orúnkún mi ni mo ń wò, àti pé n kò fẹ́ dá lọ.

Ọmọ Festac

Baba, ẹ kú àfẹ́kù ìyá wa. Ẹ má wá sí Mile 2 rárá. Láti Súrùlérè, National Theatre ló yẹ yín. Ẹ jẹ́ kí n wá pàdé yín nínú ilé níbẹ̀, a ó rọra gun àtẹ̀gùn, n ó di apá yín mú. A ó jọ dé Marina, a ó sì jọ padà. Mo ní ìsinmi ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì Balógun

Baba, tí ẹ bá dé Marina, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí. N ó gbé oúnjẹ wá pàdé yín.

Baba Súrùlérè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Festac, aago mélòó ni kí n múra dè ọ́?

Ọmọ Festac

Aago mẹ́wàá àárọ̀, Baba. Mẹ́wàá géérégé.