Re: Ìsọdọ̀tun, ìparadà àbí ìpalòdà?

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, gbogbo ilé. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ látìgbà tí àǹtí wa tó ń túmọ̀ ìròyìn ti béèrè ohun tó yẹ ká pe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sílé báńkì PSFS (Philadelphia Saving Fund Society) nílùú Philadelphia ní Amẹ́ríkà tó fi di òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀gbọ́n kan ní ìsọdọ̀tun ni, àbúrò kan ní ìparadà, ẹlòmíì wá kọ "àtúnṣe ilé-ìṣọ́ báńkì". Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ilé-ìṣọ́ yẹn kúrò nílẹ̀. Ibi tí ẹ̀ṣọ́ ti ń wo ọ̀nà nilé-ìṣọ́, ilé kì í ga tán kó di ilé-ìṣọ́, bẹ́ ẹ bá ti rí tower ẹ má kàn sáré lọ yá ọ̀rọ̀ Bíbélì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà 36 ni, àwòṣífìlà ni jàre, ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ó sì dùn lẹ́nu.

Ìsọdọ̀tun gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹni tó bá ní òun sọ nǹkan dọ̀tun, ohun tó ń wí ni pé ti àtijọ́ ti lọ. Ẹ wá wo ilé yìí. George Howe àti William Lescaze ló ya àwòrán ẹ̀, 1932 ni wọ́n parí ẹ̀, lásìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ pátápátá. Wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fáwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé gbọ̀ngàn báńkì sí àjà kejì, oníbàárà á dúró lórí àtẹ̀gùn tó ń fúnra ẹ̀ rìn, òun náà á sì gbé e débẹ̀. AC wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé gíga kan péré ló ti ní irú ẹ̀ ṣáájú ní Amẹ́ríkà. Lórí òrùlé, wọ́n fi iná neon pupa kọ lẹ́tà mẹ́rin, PSFS, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà 27, wọ́n sì fi bo àwọn ẹ̀rọ tó wà lókè lójú.

Ìparí 1992 làwọn aláṣẹ ti báńkì ọ̀hún pa. Ní 2000, Loews, iléeṣẹ́ olótẹ́ẹ̀lì, ṣí òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀, yàrá 581. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kówó pamọ́ ti di ibi àpèjẹ, àwọn aago Cartier ṣì wà lára ògiri, lẹ́tà pupa mẹ́rin yẹn náà ṣì ń tàn lálaalẹ́ fún báńkì tí ò sí mọ́. Ẹ gbà mí o, ta ló ń sọ ilé dọ̀tun tó máa fi orúkọ olóògbé sílẹ̀ níwájú orí ẹ̀?

Ti àbúrò sàn díẹ̀, àmọ́ ìparadà, ara ló ń yí níbẹ̀, pa ara dà. Iwin ló ń paradà. Ara PSFS ò yí, iṣẹ́ tó ń ṣe ló yí. Mo fara mọ́ ohun tí ìparadà fi ṣe ìpìlẹ̀ ṣá, torí gbogbo wa la mọ pàwọ̀dà, a mọ paṣọdà, a mọ pohùndà, ẹ ò ní bi wá léèrè ìtumọ̀ ẹ̀. Kí ló dé tá ò lè pa ìlò dà? Ìpalòdà nìyẹn. Bọ̀dá kan nílùú Ìbàdàn ní ìpaṣẹ́dà ló wu òun, ó dáa létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fàmì sọ́rọ̀ lórí fóònù, bẹ́ ẹ bá tẹ "ipaseda" báyìí, ìdajì àwọn tó máa kà á máa rò pé ẹnì kan ń pàṣẹ ni.

Bọ̀dá yẹn náà ló sì ní kí ló burú nínú àtúnṣe lásán. Kò burú, fún Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀! Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣí ní 1992, ọ́fíìsì ló jẹ́ kó tó jóná, ọ́fíìsì náà ló padà jẹ́. PSFS ò jóná, kò wó, iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà fúnra wọn ò da gbogbo ẹ̀ pọ̀, òfin àwọn tó ń bójú tó ilé àtijọ́ níbẹ̀ pín in sí mẹ́rin, ìtọ́jú ọ̀tọ̀, ìmúbọ̀sípò ọ̀tọ̀ (ìyẹn ká dá ilé padà sí bó ṣe rí nígbà kan pàtó, kódà ká wó ohun tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn ìgbà yẹn), àtúnkọ́ ọ̀tọ̀, ìkẹrin lèyí tó fàyè gba ìlò tuntun bí ojú ilé ò bá ti bàjẹ́, òun ni mo ń pè ní ìpalòdà. Ìkẹrin yìí ni wọ́n ń torí ẹ̀ dín owó orí kù fún onílé àtijọ́ tó ń pawó wọlé, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá ná. Tí olùtumọ̀ bá wá kọ ìmúbọ̀sípò síbẹ̀, ó ti yí òfin padà fún wọn nìyẹn.

Àǹtí, tó bá jẹ́ ìròyìn lásán lẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n sọ ilé báńkì di òtẹ́ẹ̀lì, ó ti tó. Tó bá jẹ́ ìwé òfin tàbí ti àwọn ayàwòrán ilé, ìpalòdà ni tèmi, ẹni tí ò bá gbà kó mú tiẹ̀ wá.