Kí ni "RES" inú ìwé ilẹ̀ yìí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọkọ_Àṣàkẹ́: Ẹ kú àdúgbò o. A ra ilẹ̀ kan lápá Fate, ní Ìlọrin níbí. Wọ́n kọ RES sórí plọ́ọ̀tì wa nínú layout (máàpù tí wọ́n fi pín ilẹ̀ sí plọ́ọ̀tì), nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e. Àṣàkẹ́ fẹ́ ṣe bẹ́kìrì síwájú ilé. Bíríkìlà ní kò séwu. Ẹ̀yin tójú yín ti rí irú ẹ̀, báwo ló ṣe lọ?

ÌyáÌbejì_Táńkẹ́: Ilé gbígbé ni RES. Ó tán.

Kúnlé_GRA: Gbogbo ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó kún Táńkẹ́ ńkọ́, ìyá wa? Ṣé RES náà ni?

ÌyáÌbejì_Táńkẹ́: Àbí akẹ́kọ̀ọ́ kì í sùn ni?

Alhaji_Bàbá_Sùlíyà: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́nà Ọ̀fà ni, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló tà á fún èmi àti àbúrò mi. Sọ̀fíyọ̀ ti wọ̀n ọ́n, ó ti ri bíkìn, òpó ààlà, mọ́lẹ̀, fẹ́ǹsì ti dé ìdajì. Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa X gàgàrà sára bulọ́ọ̀kù, ọ̀dà ọ̀hún ṣì ń ṣàn wálẹ̀. Mo gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn town planning. Ọmọkùnrin kan tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó fi bírò tọ́ka sí i. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn sórí ilẹ̀ wa! Pápá ìṣeré ọmọdé! Mo padà lọ bá olórí ẹbí. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yẹn sọ: "Alhaji, ìjọba ló kùn ún. Bàbá wa ò kùn nǹkan kan."

Kúnlé_GRA: Bàbá wa ò kùn nǹkan kan 😂😂😂

Abíọ́nà: Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ.

Ọmọ_Ìjàgbó: Ẹ ń rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni bàbá sọ. Ta ló wà lórí ilẹ̀ kí máàpù tó dé?

Lọ́yà_Òmùàrán: Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà nítorí aráàlú.

Ọmọ_Ìjàgbó: Gómìnà wo ló ro oko níbẹ̀?

Lọ́yà_Òmùàrán: Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Òfin ò lé ẹni tó ti ń dáko ṣáájú 1978 kúrò lórí oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fún un láṣẹ láti gé oko ọ̀hún sí plọ́ọ̀tì. Ẹ ka abala 36.

Ọmọ_Ìjàgbó: Ẹ kọ́kọ́ lọ kà á létí gbogbo gúúsù Kwara.

Kúnlé_GRA: Alhaji, owó yín ńkọ́?

Alhaji_Bàbá_Sùlíyà: Wọ́n fún wa ní ibòmíràn lẹ́yìn aáwọ̀ ńlá. Ó kéré. Ẹ fi mí sílẹ̀.

Aṣiṣẹ́fẹ̀yìntì: Ọkọ Àṣàkẹ́, iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ ni kó sọ ibi tí ilẹ̀ yín dé. Ohun tẹ́ ẹ lè kọ́ sí i, town planning ló mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè layout fúnra rẹ̀, kì í ṣe fọ́tò tí agent fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ wo igun ìwé náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣàlàyé lẹ́tà àti àwọ̀. Bó bá ní C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ ìlò ilẹ̀ sí i; KW-GIS, iléeṣẹ́ ìwé ilẹ̀ ìjọba Kwara, ló ń rí sí ìyẹn. Ẹ lè tọrọ kí wọ́n yí ìlò rẹ̀ padà, àmọ́ ẹ má mọ ààrò kí ìwé àṣẹ tó jáde.

Abíọ́nà: Ta ni wọ́n wó bẹ́kìrì ẹ̀ rí ní Ìlọrin?

Gàá_Akanbí_Lémi: Ẹ̀yin tẹ́ ò gbé ẹ̀gbẹ́ bẹ́kìrì lẹ̀ ń béèrè. Kí wọ́n tó pe àsùbáà ni jẹnẹrétọ̀ tiwọn ti ń bú. Aṣọ tí mo bá sá, èéfín igi ló ń rùn. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ń jèrè, èmi ń wúkọ́.

Abíọ́nà: Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń ra búrẹ́dì ọ̀hún?

Gàá_Akanbí_Lémi: Ó dùn.

Kúnlé_GRA: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹni tó ní plọ́ọ̀tì títà ní Òkè-Odò? Kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti kùn o.