Àbọ̀ ìbéèrè mi: p53 ti yọjú lórí western blot

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè mi nìyí: lórí western blot (ọ̀nà tí a fi ń wá purotéènì kan láàárín àwọn purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì), kí ló dé tí DO-1, antibody tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ p53 kó lè hàn, kò rí p53, purotéènì tó ń dènà jẹjẹrẹ, nínú MCF-7, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú ènìyàn, nígbà tí actin, purotéènì tí a fi ń mọ̀ pé blot ṣiṣẹ́, ń yọ ketekete?

Ẹni tó ní kí n fi Nutlin-3, kẹ́míkà kan, sí sẹ́ẹ̀lì ló mọ̀ ọ́n. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí p53 rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, purotéènì mìíràn, MDM2, kì í jẹ́ kí p53 pẹ́ láyé. Bí p53 ṣe ń jáde ni MDM2 ń tì í sọ́dọ̀ proteasome, ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ ọ túútúú. Nutlin-3 dí ojú ibi tí MDM2 ti ń gbá a mú, p53 sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. 10 µM ni mo lò, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ìlà dúdú kan ṣoṣo ló jáde, ní nǹkan bíi 53 kDa (ìwọ̀n tí a fi ń wọn purotéènì). Ní ti Saos-2, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ eegun tí kò ní p53 rárá, actin wà níbẹ̀, àmọ́ ojú ibi tí p53 yẹ kó wà funfun báláú. Èyí fi ọkàn mi balẹ̀ ju ìlà dúdú yẹn lọ.

Fífi BSA (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) rọ́pò wàrà tí mo fi ń bo blot, kí antibody má bàa lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo, ṣe díẹ̀: ìlà náà dúdú sí i, ṣùgbọ́n gbogbo àyíká rẹ̀ náà ṣókùnkùn. Mo ti padà sí wàrà.

Ó wá ku sẹ́ẹ̀lì eku. DO-1 kì í dá p53 eku mọ̀, kò sí ohun tí Nutlin lè ṣe sí ìyẹn. 1C12, antibody mìíràn tó ń mú ti ènìyàn àti ti eku, ni mo ń retí báyìí. Ẹ ṣeun gan-an, pàápàá ẹni tó dárúkọ Saos-2.