Wọ́n ní ká wá ẹ̀jẹ̀ páìntì mẹ́ta fún àbúrò mi tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Àbúrò mi obìnrin, ẹni ọdún 33, kò tíì bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù tí wọ́n á fi yọ fáíbírọ́ìdì fún un ní ilé ìwòsàn kan ní Mainland. PCV ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 24, O negative sì ni irú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ká wá páìntì mẹ́ta sílẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde báyìí ni ọkùnrin kan lẹ́nu géètì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun mọ ẹni tó lè fún wa lónìí, ká sáà ti mú owó wá, pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ àbúrò mi ní kí wọ́n fa tòun sí i lára, O positive ni tiẹ̀. Màmá wa ní tiwọn ní kò sẹ́ni tó máa fa ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sí ọmọ àwọn lára. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n gbà?

Ìyá Ìbejì, Mushin
Pẹ̀lẹ́ o, àǹtí mi. Máàtì àti mílíìkì ni kẹ́ ẹ máa pò pọ̀ fún un láàárọ̀ lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dé. Tówó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ra tọkùnrin yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ra irú ẹ̀ nígbà tó bímọ, nǹkan kan ò ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò lè dákẹ́ lórí eléyìí. Àǹtí, ẹ má dá ọkùnrin yẹn lóhùn rárá. Tí wọ́n bá bi ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ léèrè àìsàn tó ti ṣe rí, tàbí ìgbà tó fún èèyàn kẹ́yìn, owó tó fẹ́ gbà ló máa dáhùn. Àyẹ̀wò mẹ́rin ni ó kéré tán tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe sí ẹ̀jẹ̀ kó tó wọ ara ẹnikẹ́ni: HIV, mẹ́dọ̀wú B, mẹ́dọ̀wú C àti sífílíìsì. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó HIV, àyẹ̀wò lè má tíì rí i, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti lè ran ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀fẹ́ ni kéèyàn máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Ti ọkọ ńkọ́? Ó ṣeun, ó fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ tiẹ̀ ni wọ́n máa fà sí i. Tí ẹ̀jẹ̀ positive bá wọ ara obìnrin tó jẹ́ negative, ara ẹ̀ lè kọ́ bó ṣe ń gbógun tì í. Tó bá wá lóyún ọmọ tó jẹ́ positive lẹ́yìn náà, ogun yẹn á wọlé tọ ọmọ nínú oyún, á máa ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́. Kódà kí ọkọ jẹ́ negative, a kì í fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ sí ìyàwó tó ṣì ń wá ọmọ. Ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó bá a tan gan-an ní ewu tiẹ̀ náà: ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, ó ṣòro kéèyàn yè é.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ọkọ ẹ̀ àtẹ̀yin ẹbí lọ fi ẹ̀jẹ̀ yín sílẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn, irú yòówù kó jẹ́. Wọ́n á fi tiyín rọ́pò, wọ́n á sì bá a wá O negative tí wọ́n ti yẹ̀ wò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ọkọ ẹ̀ ti ń múra àtilọ. Máàtì àti mílíìkì yẹn ńkọ́?

Dókítà Agége
Ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé. Kẹ́ ẹ tó wá ẹ̀jẹ̀ rárá, ẹ bi dókítà ẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí PCV 24 yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí kò bá mí gúlegúle, tí àyà ẹ̀ ò já, àyè wà láti gbé e sókè láìgba páìntì kankan. Èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá, ìpamọ́ ni, torí fáíbírọ́ìdì lè ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lórí tábìlì. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́dọ̀ fà á tán.

Nígbà kan, tí Hb, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 10, ẹ̀jẹ̀ la máa fà. Ní 1999, àwọn oníwádìí ní Kánádà gbé àbájáde jáde lórí aláìsàn 838 tó wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí àwọn kan nígbà tí Hb wọn bá wọlẹ̀ ju 10 lọ, wọ́n sì dúró kó wọlẹ̀ ju 7 kí wọ́n tó fà fún àwọn yòókù. Ikú ò pọ̀ sí i láàárín àwọn tó gba díẹ̀. Hb 7 yẹn, bíi PCV 21 ni. Ìwádìí tó jáde ní 2019 láti Uganda àti Màláwì fi hàn pé àwọn ọmọdé tí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ gan-an, tí Hb wọn wà láàárín 4 sí 6, tí kò sí àmì ewu mìíràn lára wọn, kò pọn dandan kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n bá ń ṣọ́ wọn dáadáa.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ ayọ́n (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, wò lára ẹ̀. Tó bá ti tán, oògùn ayọ́n ló nílò, ẹnu tàbí dírípù. Ìyá Ìbejì, mílíìkì ò bá ayọ́n ṣọ̀rẹ́, kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa, tíì náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Máàtì dùn mu, àmọ́ kò ní kún inú ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́fà. Ewébẹ̀ úgú àti ẹran dára, kó máa jẹ ẹ́, kó sì máa lo oògùn. Ẹ tún béèrè abẹ́rẹ́ tó ń dá nǹkan oṣù dúró ṣáájú iṣẹ́ abẹ, àti tranexamic acid, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà kù. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2017 lórí obìnrin tó lé ní 20,000, tí Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, fi hàn pé ó ń dín ikú tí ẹ̀jẹ̀ dídà ń fà kù lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, tí wọ́n bá tètè fún wọn láàárín wákàtí mẹ́ta.

Ọ̀gá Lábù, Ṣùúrùlérè
Dókítà sọ̀rọ̀ gidi. Tèmi ni pé èyí tí mo ń bẹ̀rù jù kì í ṣe HIV, orúkọ ni. Láti 1996 ni àwọn ará Bìrìtìkó ti ń kọ àṣìṣe ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé fún ẹni tí kò ni ín ò kúrò nínú ẹ̀. Èèyàn ló máa ń ṣì í, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Torí náà, nígbà tí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ fún crossmatch, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ àti ti báàgì bára mu, ẹ wò ó kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sára túùbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, kì í ṣe lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Tí báàgì bá dé, èèyàn méjì ló yẹ kó kà á: kí wọ́n bi í pé kí ni orúkọ ẹ̀, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n wo báǹdì orúkọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, nọ́ńbà báàgì, irú ẹ̀jẹ̀ àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ dúró tì í fún ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́. Tí òtútù bá mú un, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí ara ń yún un tàbí tí èémí ẹ̀ ń kúrú, ẹ pariwo pé kí wọ́n dá a dúró. Páìntì kan kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Mo ti rí ẹni tó ń ki báàgì sínú omi gbígbóná torí ó tutù jù, ẹ má gbà.

Ìyá Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má bá màmá yín jà. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni àbúrò yín, òun ló máa fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀.

Ọmọkùnrin Yàbá
O negative lèmi náà. Tí ẹ bá sọ báńkì ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ fún mi, máa lọ lọ́la. Mo fún wọn ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn.

Ọ̀gá Lábù, Ṣùúrùlérè
Ẹ ṣé, ọ̀gbẹ́ni, àmọ́ ẹ dúró kó pé oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ abẹ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á bọ́ sí àkókò. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wá.