Ọmọ mi kì í jẹ ẹ̀pà: ṣé ẹ̀fọ́ tí mo rà ló ṣe é ni?

Ìyá Àánú, Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 6 ni Àánú mi. Bí ẹ̀pà bá kàn án lẹ́nu báyìí, ètè rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á sú. Dókítà ní ká má jẹ́ kó tọ́ ọ wò rárá. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé oúnjẹ tí kò ní kẹ́míkà nìkan ni yóò máa wọ ilé mi. Mo rí ìyá kan ní Bódìjà tó ń kó tẹ̀tẹ̀, ewédú àti gbúre wá láti oko ara rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ ló fi ń ṣe ajílẹ̀. Ẹ ó tiẹ̀ rí ibi tí kòkòrò ti jẹ ewé náà. Ó wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ, síbẹ̀ mò ń rà á.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi ẹ̀gúsí se tẹ̀tẹ̀ yẹn. Kí ọmọ tó gbé òkèlè kẹta mì, ètè ti wú. A fún un ní oògùn rẹ̀, a sáré gbé e lọ sí ọsíbítù. Ara rẹ̀ ti yá, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Inú bí mi débi pé mo lọ bá ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀, mo ní ó fi nǹkan sí ẹ̀fọ́. Ó búra pé òun ò fi nǹkan kan sí i. Ẹ bá mi dá sí i.

Màmá Ẹlẹ́rọ:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Níbo lẹ ti lọ ẹ̀gúsí yẹn?

Ìyá Àánú:
Lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata ẹ̀gbẹ́ ọjà. Mi ò rò ó débẹ̀ rárá.

Màmá Ẹlẹ́rọ:
Ó ti lé lọ́dún 10 tí mo ti ń lọ nǹkan fún èèyàn. Ẹ̀pà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kúlíkúlí, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà àkàrà, ẹnu ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń gbà. Òróró ẹ̀pà a máa lẹ̀ mọ́ irin, omi tí a bù sí i kì í ṣàn án tán. Ẹ dákun, ẹ máa lọ tọmọ nílé. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ súyà: kúlíkúlí wà nínú yájì rẹ̀.

Alhaja Ẹlẹ́wà:
Ẹ má pa ọ̀rọ̀ méjì yìí pọ̀, ìyá Àánú. Ẹ̀pà tí wọn ò fi kẹ́míkà gbìn, ẹ̀pà náà ni. Yóò bá ọmọ yín jà. Àmọ́ ẹ̀rù kẹ́míkà tó ń bà yín tọ́ o, pàápàá lórí ẹ̀wà. Nítorí dichlorvos, ohun tó wà nínú Sniper, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa ní 2015. Èmi ò fi apakòkòrò sí tèmi. Àpò onípele mẹ́ta ni mò ń lò: ọ̀rá méjì nínú, àpò kan lóde. Bí a bá dì í pa dáadáa, kòkòrò ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, á kú. Ẹ béèrè ohun tí ẹlẹ́wà yín fi ń tọ́jú tiẹ̀.

Ìyá Àánú:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ dé. Ó ní ẹ̀pà lòun lọ ṣáájú tèmi lọ́jọ́ yẹn. Mo ti ra odó kékeré fún ẹ̀gúsí Àánú. Lọ́la, Bódìjà ni mo ń lọ láàárọ̀ kùtù, kí n lọ bẹ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ níwájú àwọn tó gbọ́ ohun tí mo sọ sí i.